Báàgì Ọ̀gá Lẹ́nu Géètì

Kété lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, nínú òtútù, ni àwa olùwádìí yunifásítì kan ní Dublin daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gba ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lónìí, ẹ gbọ́ ibi tó ti wá. Nígbà tiwa, oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń gbà wá. Ìtàn ilẹ̀ àti omi ni iṣẹ́ mi: mò ń gba ohùn àwọn arúgbó tó ń gbẹ́ ilẹ̀ irà, tí wọ́n ń sá a gbẹ fi dáná bí igi láyé àtijọ́, sílẹ̀. Bí wọn ò bá tún gbà mí, àwọn bàbá yẹn á kú, ìtàn náà á sì bá wọn wọ sàréè.

Ciara, ọmọ Ireland tí a jọ ń lo ọ́fíìsì, ló kó wa jáde sí ẹnu géètì. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ wọ géètì, torí ẹni tó bá wọlé ti ba ìdaṣẹ́sílẹ̀ jẹ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Ni ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti dàgbà, bá yọ. Ó gbé báàgì ìwé ńlá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni mí? Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀ kí i, mo ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ń wọ géètì lọ tèmi ti pátákó ìfẹ̀hónúhàn lábẹ́ apá.

“Fúnkẹ́, níbo lò ń lọ?” Ciara ké sí mi.

“Ẹrù yìí ti wúwo jù fún àgbàlagbà,” ni mo wí.

Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ nínú òtútù ló tún ń bá mi ru ẹrù. Gbé e sílẹ̀, Fúnkẹ́. Mi ò wọlé mọ́.”

Ciara bu tíì fún un nínú fláàsì, ó ní, “Grand,” ìyẹn ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yòókù rí i láàárín wa, àwọn náà dúró tì wá. Ìgbà yẹn ni àwọn aláṣẹ tó pè wá sí ìjíròrò.

Ẹni tó bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn títí dòní. Mo gba ohùn àwọn arúgbó mi sílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wọn tó lọ. Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ Ciara ti parí kí àdéhùn tuntun ọlọ́dún mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì pè é padà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìlú Balbriggan báyìí. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn àga tí ẹ jókòó lé yẹn, tirẹ̀ ni. Mo ṣì ń bá a béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹ dìde, ẹ wá bá mi béèrè.