Gáùn Onísíìpù Tí Ìyá Mi Wọ̀ Lọ Kọ́ Wa Níwèé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsólò-Ọ̀pin, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ìyá mi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní gbogbo agbo ilé wa. Mo máa ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí àwọn ìyá ẹlòmíràn bá gbé agbọ̀n lọ sóko láàárọ̀, tèmi á kó ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, á ní kí n yára, torí kíláàsì tirẹ̀ gan-an ni mo wà. Nílé, "màmá" ni mò ń pè é. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, "mà" ló kù.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún nígbà náà. Yèyé, ìyá bàbá mi, ló máa ń gbé e jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìwé. Bí agogo ìsinmi bá ti lù báyìí, màmá mi á sáré jáde, á ká bùbá rẹ̀ sókè, ọmọ á mu ọmú yó, màmá á sì ti padà sí kíláàsì kí agogo tó tún lù. Ọmọ yẹn kì í mu ògì rárá. Bí ẹ bá rọ ọ́ sí i lẹ́nu, àyà Yèyé ni yóò tu ú sí.

Ọ̀gá ilé ìwé wa kò fẹ́ràn ètò yìí. Ó ní ìró àti bùbá màmá mi jọ ti ẹni tó fẹ́ lọ ká ẹ̀wà lóko. Nígbà tí a gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ láti Ìlọrin, ọ̀gá pe màmá mi jáde. Mò ń nu pátákó lọ́wọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ múra bíi tíṣà lọ́jọ́ náà o. Bí ọmọ yín bá sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́ níwájú àlejò, ẹ máa lọ jókòó sílé ni títí ẹ ó fi gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ̀wé sókè."

Màmá mi ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ohùn rẹ̀ kò le. Òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, oko bàbá mi kò sì mú nǹkan jáde. Iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun. Yàtọ̀ síyẹn, ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé ojú ẹ̀mí.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ ní Ọ̀sì. Háà, télọ̀ yẹn mọṣẹ́! Ó rán gáùn kan tó fún un dáadáa, ọrùn rẹ̀ ga, síìpù gùn láti ọrùn dé ìdí lẹ́yìn. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, gbogbo ilé ló ń pariwo pé ó jọ tíṣà gidi. Yèyé pàápàá ń yí i ká, ó ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó bèèrè ibi tí ọmọ máa gbà jẹun.

Ọjọ́ pé. Alábẹ̀wò, bàbá kan tó lo awò ojú, jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Màmá mi ń kọ́ wa ní ìṣirò, ó ń dán gbinrin. Àkókò ìsinmi kò tíì tó tí ọmọ fi figbe ta lábẹ́ máńgòrò. Yèyé kọrin, Yèyé fún un ní ògì, igbe náà ń le sí i ni. Àyà gáùn màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, wàrà ń jáde. Mo rí i.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó sì ṣẹ́jú sí mi. A wọ yàrá kékeré tí a ń kó ọkọ́ àti irinṣẹ́ ọwọ́ sí, Yèyé gbé ọmọ wá bá wa. Mo fa síìpù náà. Ó dé àárín ẹ̀yìn, ó há. Mo fà á, mo fà á, mo bú sẹ́kún.

"Fi í sílẹ̀," màmá mi wí. Ó mú àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé ráfíà, ó fi sí ọrùn gáùn tuntun yẹn, ó sì gé e wálẹ̀ níwájú.

Yèyé ní, "Yéè! Aṣọ tuntun!"

Màmá mi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí garawa, ó fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, igbe náà sì dá.

Lẹ́yìn náà ó fi ìborùn Yèyé bo àyà, ó fi ọ̀já pọn ọmọ lórí gáùn náà, ó padà sí kíláàsì. Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Alábẹ̀wò bèèrè ohun tó ṣe aṣọ.

"Ebi ń pa ọmọ mi, sà, síìpù sì há. Mo gé e. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìṣirò wa lọ."

Màmá mi bi wá ní ìbéèrè, ọwọ́ ń lọ sókè láti gbogbo igun. Nígbà tí alábẹ̀wò dìde, ó yíjú sí ọ̀gá lójú gbogbo wa: "Ẹ ní tíṣà níbí o. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Ẹ̀yin ọmọ mi, orí mi wú! Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnnì ló ń wà níwájú gáùn rẹ̀, àwọn tíṣà abiyamọ sì ń wá láti Ararọ̀mí àti Obbo-Ayégúnlẹ̀ wá wo bó ṣe rí.

Lóde òní, ayé ti yí. Ẹ̀yin ìyá wẹ́wẹ́ ń rí aṣọ abiyamọ rà lórí fóònù, ẹ ń fún wàrà sínú ike, ẹ ń gbé e sínú fíríìjì. Síbẹ̀ ẹ ṣì ń bi mí bóyá ìyá búburú ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́, bóyá kí ẹ fi ọmọ pamọ́ fún ọ̀gá yín.

Èmi náà bi ìyá mi, nígbà tí mo bí àkọ́bí mi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Mo ní, ṣé ẹ̀rù ò bà yín lọ́jọ́ yẹn ni, mà?

Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n o dúró tì mí níbẹ̀, o ń wò mí; mi ò fẹ́ kí o kọ́ lára mi pé kí ìyá fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀gá."