Má-fọwọ́-kàn-án àti Ẹsẹ̀ Àga Màámi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í ṣe èèyàn dáadáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí tán, àwọn kan nínú yín á fẹ́ máa káàánú rẹ̀. Ẹ má káàánú rẹ̀ o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Má-fọwọ́-kàn-án sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn kó tó dáhùn kíkí. Ẹ káàárọ̀, sà. "Má fọwọ́ kàn án." Oníbàárà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún!

Bàbá wa ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn tẹ́lẹ̀. Láyé ìgbà tí gbogbo ilé tó lajú ń ra rédíògíráàmù, àwọn èèyàn ń gbé àwọn àga gàgàrà ìgbà ìwáṣẹ̀ jáde ní pálọ̀, wọ́n ń wá èyí tó fúyẹ́. Bàbá mọ irú rẹ̀ ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Igi tíìkì lásán ni, kò sí òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, kò sí ọ̀dà aláràbarà. Àga náà lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó yà síta, ó sì ń kéré bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á lára, ẹ ò ní mọ ibi tí igi kan ti parí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kì í fi téèpù wọn èèyàn. Igi pẹlẹbẹ kan ló máa nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ bó o bá jókòó, á fi ọ̀bẹ gé àmì sí ibi tí orúnkún rẹ dé, á gé òmíràn síbi ìgúnpá, òmíràn síbi èjìká. Kò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Igi kan, ẹnì kan. Ó so gbogbo wọn kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì lè nawọ́ mú ti ẹnikẹ́ni láìwo ẹ̀yìn. Lọ́dún tí wọ́n bí mi, ó ṣe àga méjì sílé wa, tirẹ̀ àti ti màámi. Igi kan ṣoṣo ló fi wọn àwọn méjèèjì nítorí ẹsẹ̀ wọn gùn dọ́gba. Ó ní ìdí tóun fi fẹ́ ẹ nìyẹn, kóun má baà fi igi ṣòfò.

Bàbá kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Màámi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé. Etí rẹ̀ ti lọ díẹ̀, ojú ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ohun kan kù tó fi ń yangàn: ó ń dá dìde. Á fọwọ́ méjèèjì ti apá àga, á ní "Hẹ̀n-ẹ́n!", ó ti dìde nìyẹn. Á rọra wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó sọ ọ́ fún wa lójú ara wa: "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ki mi lábíyá gbé dìde lọ tọ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kú. Ìyókù, ẹ kàn ń ṣe ìsìnkú ni."

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí. Èmi ni mo ń rán tìmùtìmù àga bàbá láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdébìnrin. Bí wọ́n ṣe sin bàbá tán, Má-fọwọ́-kàn-án ní kí n kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé tìmùtìmù mi rọ̀ jù. Ó rọ̀ jù! Ṣé òkúta ni wọ́n ń jókòó lé ni? Mo kó o kúrò, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Lọ́dún kejì, mo ra ojúlówó fóòmù, mo rán tìmùtìmù tuntun fún màámi, ó wú, ó rọ̀, ọwọ́ ń rì sínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí wọlé lọ́jọ́ Àìkú, ó fi abẹ la tìmùtìmù náà, ó fa fóòmù mi yọ, ó ki òmíràn tó le gan-an bọ̀ ọ́. Màámi ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò jẹun pọ̀ mọ́.

Ọdọọdún ló sì máa ń wá gbé àga màámi lọ, á ní òun fẹ́ fi fánííṣì kùn ún. Èmi ò dá sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè pè é ní "ìwọ". Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n lẹ́nu mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ" bú èèyàn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju bàbá yín lọ." Bí mo ṣe máa ń kí i nìyẹn.

Ohun tó da gbogbo rẹ̀ rú ni ọkùnrin oníkámẹ́rà kan tó wá sílé wa lọ́dún tó kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló rán an. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn àwọn àga ìgbà náà, ó sì ti gbọ́ ìròyìn bàbá wa lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Ó ní wọ́n á gbé àga méjèèjì sórí pèpéle fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kọ orúkọ bàbá wa gàdàgbà-gadagba sára ògiri. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ní yàrá mi, mo kó aṣọ tí mò ń rán kúrò lórí àga bàbá, mo gbé e wá sí pálọ̀, a tò wọ́n síra.

Háà! Àga màámi ga ju ti bàbá lọ ní ìka mẹ́ta.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó fi èékánná wá ẹsẹ̀ àga náà títí. "Wọ́n ti fi igi kún un nísàlẹ̀," ló wí. "Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́, ká ní ẹ ò tò wọ́n síra ni, mi ò bá má rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bà á jẹ́. Bí ẹ bá lè dá a padà sí bí bàbá yín ṣe ṣe é, màá gbé méjèèjì lópin oṣù." Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo ìgbà yìí, ibà ló dá a dùbúlẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ.

Inú bí mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo bá a níwájú oníbàárà mẹ́ta, ọjọ́ náà ni mo pè é ní "ìwọ" fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo ní, "Ìwọ aláìmoore yìí, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá tó bí ọ lo ń lẹ̀ pákó mọ́ nídìí! O ò lè ṣe irú rẹ̀, o wá ń ba èyí tó ṣe jẹ́!" Mo sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ ìyá sọ sí ọmọ ìyá. Kò gbé ojú sókè lórí igi tó ń fá. Ó kàn ní, "Àga yẹn, má fọwọ́ kàn án."

Ó ṣì ń pàṣẹ! Ọjọ́ kejì gan-an ni mo gbé àga náà lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn lódìkejì títì. Ìyẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Ìyá, ẹni tó ṣe eléyìí kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ o. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Gé e," ni mo wí.

Ó gé e. Ẹyọ igi mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá wọn sínú èèpo igi tí wọ́n máa ń sun. Mo gbé àga màámi padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Mo tún bọ́ fóòmù líle yẹn kúrò, mo fi rírọ̀ tèmi sí i.

Ibà fi màámi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wẹ̀ fún un, mo mú un jókòó sórí àga rẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Ọ̀sán pọ́n kí n tó padà dé. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi.

Ó jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó rì sínú fóòmù mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n níbi tó ti ń ti apá àga. Ó ti fa aṣọ orí tábìlì bo itan rẹ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Látìgbà tó o ti jáde," ó dáhùn. "Má pariwo. Àwọn aráalé á gbọ́."

Mo ki ọwọ́ sábẹ́ abíyá rẹ̀, mo gbé e dìde. Ó pa ojú rẹ̀ dé. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ìgbà náà ló wá béèrè pé, "Ta ló gé àga mi?"

Mo ní èmi ni. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé sínú rẹ̀.

Ló bá sọ fún mi. Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ni orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Àga rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kò lè ti ibẹ̀ dìde mọ́. Bàbá lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga náà, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ń bá a lọ, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, bí orúnkún náà ṣe ń le sí i. Màámi ló ní kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá èmi. "Ìwọ, tó o bá mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí, o ò ní jẹ́ kí n dá dìde mọ́. Wàá máa sáré kiri bí adìẹ." Ẹ má dá màámi lẹ́bi. Òótọ́ ló sọ.

Mo ru àga náà lórí lójú ọ̀sán gangan. Títì kún, gbogbo ayé ń wò mí. Mo gbé e sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo ẹsẹ̀ àga náà.

"Àwọn ẹyọ mẹ́rin náà dà?"

"Wọ́n ti sun wọ́n."

Ó jókòó sórí àpótí. N kò rí i kó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Mo ti padà sórí "ẹ".

"O ò bi mí," ó dáhùn. "Èébú lo gbé wá."

Ó dìde, ó nawọ́ sí ògiri, ó mú igi màámi. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Níbi orúnkún, àmì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, èyí tí bàbá fi ọ̀bẹ gé lọ́dún tí wọ́n bí mi. Lókè rẹ̀, òmíràn wà, ọ̀bẹ bàbá náà ni. Lókè ìyẹn, mẹ́sàn-án ló tò tẹ̀ léra, tín-tìn-tín, ayùn ni ẹ̀gbọ́n mi fi gé wọn. Mẹ́sàn-án! Gbogbo ọdún tí mo fi ń bú u.

Ó gbé ògbólógbòó pákó tíìkì kan jáde, ó gé e, ó fá a, ó tún fá a. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ṣagbe. Nígbà tó kan lílẹ̀, ó yí àga náà dorí kodò, ó to ẹyọ àkọ́kọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìwo ojú mi, ó ní, "Wá di ibí mú."

Mo dì í mú. Apá ń ro mí. "O ti wọ́ ọ sí ọ̀tún," ó ní. "O ò mọ nǹkan kan dì mú, ẹnu nìkan lo ní." Mo gbé e mì. Ó tọ́ sí mi.

Lópin oṣù, oníkámẹ́rà dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti ọkùnrin méjì. Má-fọwọ́-kàn-án wà nílé lọ́jọ́ náà, ó wá yẹ ẹsẹ̀ àga wò, ó dijú mọ́rí ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. A ò kí ara wa. Màámi jókòó sórí àga rẹ̀, fóòmù líle yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo rán an. Bí àwọn àlejò ṣe ń wọlé, ó fọwọ́ ti apá àga. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a ò mí.

"Hẹ̀n-ẹ́n!"

Ó dìde. Ó wọ́ ẹsẹ̀ kọjá láàárín wa, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. "Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn," ó pariwo látinú lọ́hùn-ún, "àbí ìtọ̀ mi lẹ fẹ́ gbọ́ ni?"

Oníkámẹ́rà ti tẹ̀ síwájú. Ó rí i pé ẹsẹ̀ àga náà ti tún ga, ó bojú jẹ́, ó sì na ọwọ́ pé kóun dojú rẹ̀ dé láti wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."