Nígbà Tí Mi Ò Lè Dọ̀bálẹ̀

Bí ọmọdé bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi lónìí, n kì í jẹ́ kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀ kí n tó di èjìká rẹ̀ mú. "Ó tó, ó tó, dìde." Àwọn ará àdúgbò ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ wo àgbàlagbà yìí, kò fẹ́ kí wọ́n wólẹ̀ fún òun. Èmi á kàn rẹ́rìn-ín. Kò sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan níbẹ̀, ìtìjú ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ìtìjú náà ṣe wọ̀ mí lára, torí pé ẹni tó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún nígbà náà, mi ò sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà nílùú Oǹdó. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń pè ní Bàbá, n kò sì pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ga, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi omi tútù wẹ̀, ọyẹ́ ì báà mú. Ẹnu Oǹdó gan-an ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bí o bá ti gbọ́ tí wọ́n yí ohùn padà sí Yorùbá inú ìwé, bí ẹni tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, kí o yáa wá ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, inú ń bí wọn nìyẹn.

Ohun kan ni wọn kì í gbà ní ààbọ̀, ìyẹn ni ìkíni. Wọ́n ní kí ọkùnrin tẹríba kí ó fọwọ́ kanlẹ̀ kì í ṣe ìkíni, pé ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbọọrọ ni o máa dọ̀bálẹ̀, àyà á kan sìmẹ́ńtì, àwọn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Láti orí bàbá bàbá bàbá mi ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì wọ́n á dúró láàárín kí wọ́n wúkọ́, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. O ò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi ní "Dìde." Ojú ibi kan báyìí tó sán wà lára ilẹ̀ pálọ̀ náà tí àwọn èèrà máa ń gbà jáde. Mo mọ ibẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, torí ibẹ̀ ni ojú mi máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń kì mí. N kò purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ọmọ tí kò ní bàbá kì í fi oríkì ṣeré.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi lọ sí Àkúrẹ́. Akọ̀wé ni mí, èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì ní sẹkitéríátì. Àwọn ọdún yẹn le. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń jẹun, a sì ń pè é ní ààwẹ̀ kí ojú má baà tì wá. Síbẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó kí n lè lọ kí Bàbá.

Ọjọ́ kan tí mò ń ti Oǹdó bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ti gbó, bó ṣe ń jó wá sọ́tùn-ún ló ń jó lọ sósì láti Ọ̀wẹnà títí dé Àkúrẹ́. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò bọ́ lára mi. Ilẹ̀ gáréèjì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní ebi ni. Mo ra gúgúrú, mo jẹ ẹ́, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹní tí mo sùn lé ṣì ń lọ.

Kò dúró lọ́sẹ̀ náà, kò dúró lóṣù náà. Orí mi á fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ dànù. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ara mi á máa fì lọ, á máa fì bọ̀. Èyí tó wá burú jù ni kí n gbé orí sílẹ̀ kí n sì gbé e sókè padà: òòyì á kọ́ mi, òrùlé á bọ́ sí ibi tí fèrèsé wà, mo sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú. Nínú yàrá mi, ìka ni mo fi ń tọ ara ògiri rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó pẹ́, ìlà dúdú kan hàn lára ògiri náà. Ìyá onílé mi, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, wò ó títí, ó ní, "Ulé mi rèé, ṣé ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ lọ fẹ́ fi kùn ún ni?" Mo ní kí ó má bínú, màá fọ̀ ọ́.

Mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó dáa. Wọ́n tan iná wo inú etí mi, ó dáa. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà, mo lò ó tán, ilẹ̀ kò dúró. Dókítà náà wò mí pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìròyìn ayọ̀, mo sì di ara ilẹ̀kùn mú kí n tó jáde.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Mo ní àwíjàre tó dáa. Lọ́dọ̀ wa ní sẹkitéríátì nígbà náà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń pín lẹ́tà fún àwọn tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì wa tó kàn ń wúkọ́ lásán gba tirẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ọmọ Oǹdó kan sì wà ní yàrá ọ́fíìsì kejì sí tèmi tó máa ń lọ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo bá sọ ní pálọ̀ Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, á ti dé iwájú ọ̀gá mi lọ́jọ́ Ajé.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá kí n máa tan ara mi. Iṣẹ́ nìkan kọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n káàánú mi. Èmi tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ ilé, èmi tó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣé kí wọ́n wá máa dì mí lápá bí arúgbó? Ẹni tó bá ń ṣubú láìsí ohun tó kọlù ú, wárápá ni wọ́n máa pè é. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àìsàn náà dé Oǹdó, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá kì mí dé ìdajì, ilẹ̀ ti ń yí. Nígbà tí wọ́n ní "Dìde," mo dìde, mo sì gbá kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà mú, èmi àti kọ́tìnì àti irin rẹ̀ la jọ balẹ̀. Ọmọ Bàbá, àbúrò mi ọkùnrin, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹmu Àkúrẹ́ mà le o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rò pé mo mu ẹmu, nínú ilé tí wọn kì í ti mutí.

Nígbà kejì, mo tẹríba, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Bàbá ò kì mí. Wọ́n kàn ní, "O káàbọ̀." Nígbà kẹta, bákan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ọ̀gá Sẹkitéríátì," kì í sì í ṣe àwàdà mọ́. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti gbà pé ìgbéraga ló wọ̀ mí. Mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀! Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn. Mo rò ó, mo ní ìgbéraga sàn ju àìsàn lọ. Agbéraga ṣì ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo kúkú dẹ́kun lílọ. Mo ní epo ọkọ̀ wọ́n, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, epo wọ́n lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo gbọ́ ohùn ìyá onílé níta: "Ọmọ mi, sé ọ wà nulé? Àlejò rẹ rèé o!" Kí n tó dáhùn, Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Torí pé kò sí epo, orí ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n jókòó sí láti Oǹdó. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wà lára fìlà wọn. Iṣu méjì wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n mú wá fún mi.

Mo sáré dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe mi, torí mo yára jù. Gbogbo yàrá yí. Mi ò rí nǹkan míì mọ́ àfi wọn, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún mi síwájú kí n lè rí nǹkan dì mú kí n má baà ṣubú.

Bàbá wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ọmọ tí wọ́n wẹ̀ fún nígbà tó wà ní kékeré, ó nà án sí wọn láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀! Wọ́n gbé iṣu sílẹ̀, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ọ̀gá. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

Yorùbá inú ìwé ni. Wọ́n sì fi "ẹ" kí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Bàbá ò sọ "ẹ" sí mi rí. Bí wọ́n bá gbá mi létí, ì bá tù mí lára.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Wọ́n jókòó lórí àga mi kan ṣoṣo, wọ́n wo yàrá náà yíká, ojú wọn sì bà lé ìlà dúdú ara ògiri. Wọ́n tọ́ka sí i, wọ́n ní, "Kí ló ṣe ògiri yín?" Ìbéèrè tí ì bá gbà mí sílẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Àwọn ọmọ onílé ni, Bàbá. Wọ́n ń fọwọ́ pa á." Wọ́n mi orí. Wọn ò jẹun, wọn ò mu omi. Wọ́n ní ọkọ̀ tó gbé àwọn wá ń padà lọ, wọ́n sì lọ.

Mo ní màá lọ bẹ̀ wọ́n ní ìparí oṣù. Mo ní màá lọ nígbà tí ara mi bá yá díẹ̀, kí n lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí n tó ṣàlàyé. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n orí mi: mò ń dúró kí àìsàn lọ kí n tó sọ pé mo ṣàìsàn. Òjò dé. Ọmọ Oǹdó tó wà ní yàrá kejì ló mú ìròyìn wá lọ́jọ́ Ajé kan, pé Bàbá sùn, wọn ò jí.

Wọ́n tẹ́ wọn sí pálọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, nínú aṣọ funfun, àwọn akọrin ìjọ ń kọrin níta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwa ọmọ wọn ń wọlé lọ kí wọn pé ó dìgbóṣe. Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo jẹ́ kí àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Mo rí ojú ibi tó sán náà. Àwọn èèrà ṣì ń gbà á. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń retí. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè ní kí n dìde ti pa dé. N kò tilẹ̀ lè dìde. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, mo padà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn èèyàn bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ohùn Màmá, ìyàwó Bàbá: "Ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn wọn tó!" Ẹlòmíràn ní irú ọmọ báyìí ò wọ́pọ̀ mọ́. Àbúrò mi ló wá gbé mi dìde. Ó fi apá méjèèjì yí mi ká, omijé rẹ̀ ń ro sí mi lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé wọn ni. Mi ò mọ̀ pé ó dùn yín tó báyìí."

Ó dùn mí. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dá mi dùbúlẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kò burú." Mo jẹ́ kó dì mí mú bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn, torí bó bá fi mí sílẹ̀, mo máa ṣubú.