Àwọn Méjì Tí Kò Fẹ́ Ṣílẹ̀kùn

Ogún ọdún gbáko ni Sadok Gharsalla fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìṣirò ní ìlú Sfax. Kò sẹ́ni tó rí i rí kó fi ọwọ́ lásán kan ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta. Ìyàwó rẹ̀ a máa bi í pé, "Bàbá Ines, ṣé àrùn ló ń lé yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń lé àrùn?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Gabès, kó tó wọ ọkọ̀ èrò lọ síbẹ̀, ó yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀. Ó fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ó ní kóun fa ìnujú yọ kóun fi ṣílẹ̀kùn, ni ìnujú bá já bọ́ sínú omi ìdọ̀tí. Inú ni wọ́n ń fa ìlẹ̀kùn náà sí, irin ìdìmú rẹ̀ sì rí roboto, kò ṣeé fi ìgúnpá fà.

Ọkùnrin sísanra kan ń gbọn omi ọwọ́ dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ níwájú, ọ̀gá," ni Sadok wí.

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe tán."

"Àgbà ni yín."

"Ta ló sọ fún yín pé mo dàgbà?"

Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù kan náà ló ń ṣe àwọn. Lamine lorúkọ onítọ̀hún, ó ń ta oògùn. Ó ní, "Mo ti fi awò amúhuntóbi wo ohun tó ń gbé lára irin yẹn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí."

Wọ́n dúró de ẹni tí yóò wọlé. Ẹnì kankan ò wọlé. Ìyá Dalila tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti gbọ́ àríyànjiyàn wọn, ó sì ń dá àwọn èèyàn padà: "Ẹ ní sùúrù, ìjà ń lọ nínú ibẹ̀."

Sadok pariwo, "Màmá, ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn!"

"A ò kúkú tì í! Ṣé ẹ ò lọ́wọ́ ni?"

"A lọ́wọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni!"

Ìyá Dalila já wọlé, ó gbá àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó ń fà wọ́n jáde. Àkísà ìnulẹ̀ lọwọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀! Àwọn méjèèjì já ara wọn gbà, wọ́n sáré padà sídìí omi. Gbàmù, ìlẹ̀kùn padé. Wọ́n pe Màmá títí, Màmá ti lọ kírun ọ̀sán.

Nígbà tí Sadok gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fọn fèrè, tó sì ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe Lamine. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, ó fi ṣílẹ̀kùn, ó sì sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí. Mọ́tò tiẹ̀ ló fi gbé Sadok dé Gabès.

Àwọn àna ń wo ẹsẹ̀ àlejò náà. "Ta nìyí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni," ni Sadok dáhùn, ó sì bu ẹran àgùntàn tó tóbi jù sí i láwo.