Àálè Etí Odò

Bí ẹ bá rí mi ní ọjà Asafo ní Gánà níbí, níbi tí mo ti ń ta abọ́ àti ìkòkò, ẹ kò ní gbà pé mo máa ń sunkún. Ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà rí.

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà ní Tafo nígbà èwe mi. Etí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a ti máa ń já ewé eéran tó fi ń pọ́n ọn. Omi náà mọ́ nígbà náà. Ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké, ẹyẹ aláwọ̀ búlúù kan á já ṣòòrò sínú omi, á gbé ẹja, ìyá mi á ní, "Wò ó, kò gbàdúrà kó tó jẹun."

Nígbà tó kú, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí, lókè odò náà. A kò lágbára símẹ́ńtì. Àgbélébùú onígi ni wọ́n fi sí i. Èmi, ọmọ kékeré, hú ewé eéran kan tegbòtegbò, mo gbìn ín síbi orí rẹ̀, torí mo rò pé yóò fẹ́ pọ́n ẹ̀kọ níbi tó ń lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gánà ní kí àwa àjèjì máa lọ sílùú wa. Bàbá mi kó wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní ará Gánà. Nígbà tí a fi padà dé Tafo lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ikán ti jẹ àgbélébùú tán. N kò mọ ibojì ìyá mi mọ́. Ọdọọdún ni àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ro ibẹ̀ mọ́ féfé kí Àjíǹde tó dé, torí ìtìjú ni kí koríko hù sórí òkú ẹni. Wọ́n á ní kò bímọ. Bí mo ṣe ń ro ó ni mo ń bi ara mi, ṣé ibí ni, àbí ọ̀hún? Odò ní tirẹ̀ ti di ààtàn: ọ̀rá omi, bàtà, tẹlifísọ̀n kan tó ti kú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, ọmọ Yorùbá tiwa tí wọ́n bí sí Dichemso níbí, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ká kó ìdọ̀tí inú odò, ká sì fi ìdajì itẹ́ òkú sílẹ̀ láìro, kí ẹyẹ, labalábá àti ọ̀pọ̀lọ́ lè padà wá.

Mo bi í pé, "Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ti ń sọ owó sígbá ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Maame, ẹ ṣáà wá."

Sátidé mẹ́ta la fi kó ìdọ̀tí. Ní ìkẹrin, àwa obìnrin gbé ọkọ́, a lọ ro itẹ́ òkú bí ìṣe wa. A débẹ̀, a bá àkísà pupa lórí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ìdajì ilẹ̀ ká. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wa gbé ọkọ́ lé èjìká, ó yí padà.

"Àálè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó má pè mí nígbà tí ara rẹ̀ bá ń wú."

Mo ní, "Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá?"

"Ìwọ ro ó ká wò ó."

Èmi tí ẹnu mi mú, mo tẹ̀lé e lọ sílé.

Àṣé olùkọ́ ló so ó, kó lè fi ibi tí a kò gbọdọ̀ ro hàn wá. Nígbà tó gbọ́ pé àálè la pè é, ó fẹ́ lọ ṣàlàyé. Mo ní, "Jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ kò dá wọn dúró, àkísà rẹ dá wọn dúró."

Òjò rọ̀ títí. Nígbà tó dá, mo lọ wo ẹyẹ búlúù tí wọ́n ní ó ti padà. Mo rí i. Mo sì rí ewé eéran láàárín àwọn àkísà náà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ojú kan ṣoṣo ló hù sí. Ti etí odò ti kú tipẹ́. Kò sí òmíràn níbẹ̀. Èmi ni mo gbìn ín. Èmi náà ni mo ń fi ọkọ́ bẹ́ ẹ lórí lọ́dọọdún, tí mo ń sunkún pé n kò rí ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká da símẹ́ńtì sórí ibojì náà. Mo ní kó da símẹ́ńtì rẹ̀ sára ilé rẹ̀ tó ń jò. Mo já ewé kan péré, mo fi pọ́n ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì ń ta sánsán bí ọwọ́ ìyá mi.

Oòrùn ti pa àkísà olùkọ́ láwọ̀ dà. Mo ya etí aṣọ pupa tèmi, mo so ó rọ́pò. Tirẹ̀, àmì lásán ni. Tèmi, àálè ni. Ẹni tó bá dán an wò yóò gbọ́ ẹnu mi.