Amọ̀ Tí Kò Tíì Gbẹ

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló gbé obìnrin aláṣọ dé ìdí amọ̀. Ọkọ mi ló kú. Ọdún mọ́kàndínlógún la jọ fi ta aṣọ ní Main Market ní Onitsha. Nígbà tó lọ, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo jókòó sáàárín àǹkárá, n kò sì lè gé yáàdì méjì kó gún mọ́. Lọ́jọ́ kan mo fi àlùmọ́gàjí gé àtàǹpàkò ara mi mọ́ aṣọ. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó dá ìka náà ní ìbú.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wá ra ìborùn lọ́jọ́ náà ló fi ìborùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dì mí lọ́wọ́. Ọmọ Ìgbò ni, amọ̀kòkò láti kékeré. Ó wo ojú mi, ó sọ ọ́ ní Ìgbò pé kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ àwọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ọwọ́ tó bá ń wá nǹkan tí yóò bà jẹ́, amọ̀ ni kí wọ́n fún un, torí amọ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ Ìgbò dáadáa, èmi tí mo ti bá wọn nájà tó báyìí. Mo fẹ́ẹ̀ bú u. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi? Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé pé, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ.

Àdúgbò Trans-Nkisi, ní Onitsha níbẹ̀, ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹgbẹ́ kan ló dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ tọmọdé tàgbà ní iṣẹ́ amọ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, ibẹ̀ sì ni Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá yẹn, ti ń sun ìkòkò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú igi àti koríko gbígbẹ, bí ìyá tó bí i ṣe ń sun ún. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo mọ là sínú iná. Mo jókòó sílẹ̀, mo ké. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi, n kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Màmá kò ní kí n dákẹ́. Ó ń kó eérú kúrò nídìí iná, ó ń sọ pé, “Ndo, nwa m, ndo,” pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, títí mo fi sunkún tán. Ìyá mi ni látọjọ́ náà.

Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ máa ń yan èèyàn márùn-ún sí ìgbìmọ̀ alámòójútó, tí gbogbo ayé ń pè ní bọ́ọ̀dù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn mẹ́fà ló jáde, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò já bọ́. Màmá wà lára wọn. Àwọn aládùúgbò ti ń pariwo èéfín, àwọn kan nínú àwọn tó jáde sì ti ń sọ pé ààrò gáàsì làwọn máa rà, pé àwọn máa da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé kí mọ́tò lè ríbi dúró. Ìkòkò dúdú tí Màmá ń mọ kò ṣeé sun nínú gáàsì. Ó sọ fún mi lójúkojú pé, “Tí ilẹ̀ yẹn bá lọ, iṣẹ́ mi lọ.” Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbójú gbóyà da sìmẹ́ńtì síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá wà lórí ìjókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

A kì í fi bébà dìbò níbẹ̀. Amọ̀ la fi ń dìbò. Wàá tẹ amọ̀ kékeré pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, wàá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, kẹ́nikẹ́ni má baà mú méjì wá, wàá sì sá a fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ ìdìbò, ìkòkò mẹ́fà máa wà nínú yàrá, ti olùdíje kọ̀ọ̀kan, ìwọ nìkan á wọlé lọ sọ tìrẹ sínú èyí tó wù ọ́. Ará ìta kan ló ń kà á. Bó bá ti kà á tán, ẹni tó dàgbà jù nínú amọ̀kòkò máa bu omi sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Amọ̀ tó gbẹ máa mu omi, ó máa yọ́, àṣírí á bá a lọ. Èyí tí kò gbẹ ni kì í yọ́. Á kàn sùn sísàlẹ̀ omi ni. Ọmọ kékeré tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé. Ọjà wọlé fún mi lọ́sẹ̀ náà, orí mi kò gba nǹkan mìíràn. Àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò ni mo tó bu amọ̀ nínú dúróòmù tó wà lẹ́nu géètì, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi àtàǹpàkò lù ú ní òǹtẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti bá mi. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, bánkì ló gbé e wá sí Onitsha, òun náà wà nínú àwọn mẹ́fà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gba òdo. Wọ́n kàn tì mí jáde ni. Ojú á tì mí mà.”

Mo ní, “Wọ́n tì ọ́ jáde, ìwọ ò sì ní ẹsẹ̀ tí wàá fi padà sílé? Dìde jàre, o ń kó ìdọ̀tí sí ṣòkòtò.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo wọ yàrá, mo dúró níwájú ìkòkò Màmá. Dúdú ni, ó ń dán. Mo wá ń bá ara mi sọ̀rọ̀: ta ni kò ní dìbò fún Màmá? Gbogbo wa tó wà níta yìí, ta ni kì í ṣe òun ló kọ́ ọ? Tèmi á kàn ṣẹ́kù síbẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fi bo àṣírí ọmọ ilé wa. Mo sọ ọ́ sínú ìkòkò ọmọ náà. Tàwọn tó ṣáájú mi ń dún kó, kó, à ń gbọ́ ọ níta. Tèmi dún pàtì. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń bá tèmi lọ.

Ọkùnrin ará ìta, olùkọ́ ilé ìwé kan, tó wá kà á dé orí ọmọ bánkì, ó ní mẹ́rin. Ó dé orí Màmá, ó kà á, ó tún un kà. Mẹ́ta. Nínú àwọn mẹ́fà, òun ló kéré jù.

A ń wo ojú ara wa, mo sì rí i lójú wọn kedere pé ohun tí mo rò ni gbogbo wọn rò. Olúkúlùkù ti fi tirẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, pé Màmá ti yó. Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ọmọ bánkì fò dìde, ó ní òun fi ipò òun sílẹ̀ fún Màmá. Màmá ní, “Wọ́n ti kà á. Jókòó.”

Ó wá dìde, ó gbé igbá omi, torí òun náà ni àgbà tó ń bu omi. Ó bu sínú tirẹ̀, ó bu sínú tàwọn tó kù. Nígbà tó kan ìkòkò ọmọ bánkì, ó bu omi sí i, ó sì dúró wò ó. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì mú amọ̀ kan jáde lódindi. Ó fi ìka pa ojú rẹ̀, ó bá ìlà àpá yẹn láàárín. Ìborùn ta ló di àpá yẹn? Ó wá síbi tí mo jókòó, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

“Nwa m, amọ̀ yìí kò tíì gbẹ. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì, ǹ bá dúpẹ́.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n da sìmẹ́ńtì. Ọmọ bánkì nìkan ló bá wọn jà á ní bọ́ọ̀dù, ẹnì kan sí mẹ́rin. Màmá kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Omagba. Èmi wá dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́, mo na ìka sí wọn, mo pè wọ́n ní abaramóorejẹ. Ẹ gbọ́ mi ná, èmi! Amọ̀ yẹn wà nínú báàgì mi nígbà tí mò ń bú wọn.

Oṣù márùn-ún ni n kò lè dé Omagba. Ìtìjú ni. Ìgbà tí mo lọ, mo bá a lọ́dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Èékánná rẹ̀ mọ́. N kò rí èékánná Màmá kó mọ́ rí. Mo kúnlẹ̀.

“Màmá, èmi ni.”

“Mo mọ̀.”

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọmọ náà, òdo, bí mo ṣe rò pé tirẹ̀ á pọ̀ jù. Ẹkún kò jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ó fi ọwọ́ mímọ́ yẹn nù mí lójú.

Ó ní, “Èmi náà, inú ìkòkò rẹ̀ ni mo sọ tèmi sí. Ọmọ náà ń gbọ̀n lẹ́nu géètì.”

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi padà sọ́jà ni mo ti ṣírò rẹ̀. Ká ní mo fi tèmi fún Màmá ni, ì bá wọlé. Ká ní òun náà fi tirẹ̀ fún ara rẹ̀ ni, ì bá wọlé. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ fún mi, àbí ó kàn fẹ́ bá mi gbé ẹ̀bi náà ni. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n láéláé. Amọ̀ tirẹ̀ ti gbẹ dáadáa kó tó wọ inú ìkòkò, ó sì ti yọ́.