Wọ́n Pa Lẹ́tà Mi Lónìí

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkìrun, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù kan àti síkírìnì kan ni wọ́n jọ ń lò. Súìṣì ni wọ́n ń yí kí ti ẹnìkejì tó hàn.

Láàárọ̀ yìí, mo tẹ ìlà mẹ́rin sí ọmọ ọmọ mi tó wọ yunifásítì n'Íbàdàn. Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

Ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa bá yí súìṣì, ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. "Màmá, tiyín ṣì wà níbẹ̀."

Nígbà tó ṣetán, kọ̀ǹpútà tèmi ló ṣèèṣì pa, lẹ́tà mi sì pa rẹ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣebí ìlà mẹ́rin péré ni. Ẹ máa sọ ọ́, màá bá yín tẹ̀ ẹ́ kíá."

Mo ní, "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Mo ti ń pè é, ìwọ lo bò mí lẹ́nu."

Mo kọ̀. Awakọ̀ Ìbàdàn tó yẹ kó bá mi mú un lọ sì lọ láìmú lẹ́tà dání.

Àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ òótọ́: ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó jẹ́ kó bá yín tẹ̀ ẹ́?